Ta Ni Kí Sójà Ó Gbọ́ Tirẹ̀?

Bí ẹ bá bi ọmọ Nàìjíríà mẹ́wàá léèrè pé ìgbà wo ni sójà kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba ní ilẹ̀ yìí, mẹ́sàn-án nínú wọn ni yóò dá yín lóhùn pé ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1966 ni. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ọjọ́ yẹn ni ìbọn dún, ọjọ́ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iná ṣe wọ ilé, kì í ṣe ọjọ́ tí òrùlé jó ni yóò máa kà; yóò béèrè ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀yinná sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Tèmi ni pé nǹkan bí ọdún kan ṣáájú kí ìbọn tó dún, àwọn òṣèlú fúnra wọn ti ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀gá ológun, wọ́n sì bi wọ́n ní ohun kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bi sójà láéláé: pé nínú àwa méjì yìí, ta ni ẹ ó gbọ́ tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni kò gbọ́ ìtàn yìí rí, àwọn àgbà mìíràn tí wọ́n sì gbọ́ ọ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìjà Zik àti Balewa lásán ni. Kì í ṣe ìjà ènìyàn méjì rárá. Ilé kan ni wọ́n fi itọ́ mọ, àwọn àgbà sì ti wí fún wa pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nígbà tí a gba òmìnira ní 1960, ẹkùn mẹ́ta ni Nàìjíríà pín sí, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá mẹ́ta ni ó sì wà, ẹkùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. NPC, ẹgbẹ́ Sàdáúnà, ni ó ni Àríwá. NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, ni ó ni Ìlà Oòrùn. Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ni ó ń ṣèjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Nínú ìbò ọdún 1959, àga 312 ni ó wà ní Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Èkó. NPC gba 134, NCNC àti NEPU tí wọ́n jọ ń ṣe gba 89, Action Group gba 73. Ẹ ṣírò ó wò: kò sí ẹni tí ó lè dá ìjọba ṣe nínú wọn. Ni NPC àti NCNC bá pawọ́ pọ̀. Alhaji Abubakar Tafawa Balewa ń bá ipò Olórí Ìjọba lọ, Dókítà Nnamdi Azikiwe, Zik tí gbogbo ayé mọ̀, di Gómìnà Àgbà. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, 1963, tí a yọ ara wa kúrò lábẹ́ adé Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di Ààrẹ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó jókòó ní apá kejì ilé, gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn alátakò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ díẹ̀ nìyí. Orí méjì ni ìwé òfin ìgbà náà gbé ka ọrùn kan. Ààrẹ ni olórí orílẹ̀-èdè. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, òun ni wọ́n sì ń pè ní olórí àwọn ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n agbára gan-an, ọwọ́ Olórí Ìjọba ni ó wà. Nínú ìwọ̀nba nǹkan tí ó kù sí Ààrẹ lọ́wọ́, èyí tí ó ga jù ni pé lẹ́yìn ìbò, òun ni yóò pe ẹni tí ó bá rí i pé púpọ̀ nínú àwọn aṣòfin wà lẹ́yìn rẹ̀, pé kó wá gbé ìjọba kalẹ̀. Bí ìrẹ́pọ̀ bá wà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni èyí. Bí kò bá wá sí ìrẹ́pọ̀ ńkọ́?

Ìrẹ́pọ̀ sì ti ń lọ. Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, 1962, àwọn aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn da àga bo ara wọn ní Ìbàdàn nítorí ìjà Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá. Ìjọba àpapọ̀ kò dúró kí ọ̀rọ̀ tutù. Wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì gbé Dókítà Májẹ̀kódùnmí wá láti Èkó kí ó wá máa ṣàkóso. Ní oṣù Kẹsàn-án, 1963, ilé ẹjọ́ sọ Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Nígbà tí ilé Ọlọ́pẹ ń jó báyìí, Alákùkọ wà nínú ìjọba àpapọ̀ tí ń fẹ́ iná náà. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé kẹ̀, ó wà lájà de ìyàwó!

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìkànìyàn dé. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1962, wọ́n fagi lé e nítorí màgòmágó. Wọ́n tún un ṣe ní 1963. Ó ní mílíọ̀nù 55.6 ni gbogbo wa, àti pé mílíọ̀nù 29.8 nínú wa ń gbé ní Àríwá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú àga 312, Àríwá nìkan ní 167, Ìlà Oòrùn 70, Ìwọ̀ Oòrùn 57, Mídíwẹ́sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 14, Èkó ní 4. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti mú Àríwá tán, ó ti mú Nàìjíríà nìyẹn. Dókítà Michael Okpara, Prímíà Ìlà Oòrùn, fárígá pé òun kò gba iye náà wọlé. Balewa ní òun gbà á. Láti ìgbà náà ni NPC àti NCNC ti ń jókòó pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kan náà bí orogún tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan, tí olúkúlùkù ń ṣọ́ ọwọ́ ẹnì kejì.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ọdún 1964 ni pé àwọn mẹ̀kúnnù ti fi ọ̀nà mìíràn han àwọn ọ̀gá wọn. Ní oṣù Kẹfà, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri nítorí owó oṣù, ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ìyanṣẹ́lódì yẹn, ẹnikẹ́ni kò béèrè bóyá ẹni tí ń wa reluwé jẹ́ Hausa tàbí Ìgbò tàbí Yorùbá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tàwọn òṣèlú yàtọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pín gbogbo ìlú sí ọ̀nà méjì péré. Ọ̀nà kan ni UPGA: Alákùkọ tí ó ti fẹ́ iná mọ́ Ọlọ́pẹ lánàá ni ó wá di ọ̀rẹ́ Ọlọ́pẹ lónìí, pẹ̀lú NEPU ti Mallam Aminu Kano àti UMBC ti Joseph Tarka. Ọ̀nà kejì ni NNA: NPC àti ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ tuntun tí Akíntọ́lá dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Awólọ́wọ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n ní Calabar. Alhaji Dauda Adégbénró ni ó ń dúró fún un.

Ìbò náà, ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, 1964 ni wọ́n dá. Kí ọjọ́ tó pé ni ariwo ti gba ìlú. UPGA ní wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àwọn fi orúkọ sílẹ̀ ní Àríwá, pé wọ́n ń gbé wọn sí àtìmọ́lé, pé wọ́n ń lù wọ́n. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé àga tí ó lé ní 60 ní Àríwá ni ẹni kan ṣoṣo jáde fún, tí ó sì wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ìka kan ìwé ìbò. Zik fúnra rẹ̀ bọ́ sórí rédíò nínú oṣù Kejìlá, ó sọ fún àwọn òṣèlú pé bí wọ́n bá ti pinnu pé àwọn yóò fọ́ orílẹ̀-èdè yìí, kí wọ́n jókòó kí wọ́n pín in pẹ̀lú àlàáfíà, ó sàn ju ìtàjẹ̀sílẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ná: Ààrẹ ni ó ń sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe alátakò!

UPGA ní kí wọ́n sún ìbò síwájú. Zik fẹ́ bẹ́ẹ̀. Balewa ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Bí UPGA ṣe kéde nìyẹn pé àwọn kò bá wọn dìbò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ ìbò, Ìlà Oòrùn kò ṣí ibùdó ìbò kankan. Ìjọba Okpara kò gbà á láàyè. Ní Èkó, ìbò kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní Àríwá àti Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n dìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, NPC mú 162 nínú àga 167 tí ó wà ní Àríwá, Dẹ́mọ̀ mú 36 nínú 57 ní Ìwọ̀ Oòrùn. Wọ́n sì nílò 157 péré láti ṣe ìjọba.

Balewa wá ń retí kí Ààrẹ pe òun. Ààrẹ kò pè é.

Mo fẹ́ kí a ṣe òdodo sí apá méjèèjì, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Tí Zik àti UPGA ni pé ìbò wo la rí? Odindi ẹkùn kan kò dìbò, ó lé ní 60 àga tí wọ́n fi hàn-án-hàn-án pín, a sì ní kí Ààrẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu òǹtẹ̀ lé e? Ti Balewa àti NNA ni pé a gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ ní ẹ kò jẹ, ẹ wá ń pariwo pé ebi ń pa yín. Iye ni iye. Ẹni tí ó ní púpọ̀ nínú aṣòfin ni òfin ní kí Ààrẹ pè, òfin kò ní kí Ààrẹ yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò. Bí mo bá jókòó ro ó títí, mo rí i pé àwọn méjèèjì ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ó sì mú un burú gan-an nìyẹn. Ìjà tí ẹnì kan jẹ̀bi rẹ̀ pátápátá kò nira láti parí. Èyí tí olúkúlùkù bá ní ìdí tirẹ̀ ni kì í tán. Àìfàgbà fún ẹnìkan ni kò jẹ́ kí ayé ó gún.

Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì. Ọdún yí, ó di 1965. Kò sí ìjọba tuntun, èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ kò sì dá ara rẹ̀ lójú. Ní àárín ọjọ́ wọ̀nyí ni ohun tí mo ń sọ ṣẹlẹ̀. Zik ránṣẹ́ pe àwọn olórí ológun sí ilé ìjọba: Ọ̀gágun Welby-Everard, Òyìnbó tí ó ṣì jẹ́ olórí àwọn sójà wa, Wey tí ó jẹ́ olórí ọmọ ogun ojú omi, àti Louis Edet, Ọ̀gá Àgbà ọlọ́pàá. Ó rán wọn létí ìbúra wọn. Olórí àwọn ọmọ ogun kọ́ ni mí bí? Òfin sì pe Ààrẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ òfin wò, wọ́n rí i pé oyè lásán ni. Nípa bí a ó ṣe lo àwọn ọmọ ogun, ọ̀dọ̀ Olórí Ìjọba ni àṣẹ ti ń wá. Wọ́n dá a lóhùn pé ti Balewa ni àwọn yóò gbọ́.

Àwọn kan yóò ní, ó dára bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣáà tẹ̀lé òfin. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò ọ̀dọ́mọdé ọ̀gá ológun tí ó gbọ́ nípa rẹ̀ nínú bárékè. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé aṣọ wọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ni pé ìjọba ń pàṣẹ, sójà ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ó wá rí i pé àwọn tí ń pàṣẹ ti di méjì, pé àwọn méjèèjì ń wo ojú sójà, àti pé èyí tí sójà bá tẹ̀ sí ni yóò borí. Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ẹni tí ó bá lè sọ ẹni tí yóò jọba, kí ló dé tí kò ní ro ó lọ́jọ́ kan pé òun náà lè jẹ ẹ́?

Àwọn tí ó yọ ẹsẹ̀ ìlú nínú pàkúté lọ́dún yẹn, adájọ́ ni wọ́n. Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, Adájọ́ Àgbà orílẹ̀-èdè, àti Sir Louis Mbanefo, Adájọ́ Àgbà Ìlà Oòrùn, ń lọ, wọ́n ń bọ̀ láàárín àwọn olórí méjèèjì, títí wọ́n fi rí ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè gbà. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kìn-ín-ní, 1965, Zik kéde pé òun yóò pe Balewa. Àdéhùn wọn ni pé ìjọba tí yóò gba gbogbo apá mọ́ra ni Balewa yóò gbé kalẹ̀, pé wọn yóò dìbò níbi tí wọn kò ti dìbò, pé ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí èsì ìbò yóò gba ilé ẹjọ́ lọ, wọn yóò sì tún ìwé òfin yẹ̀ wò. Ìlú mí kanlẹ̀. Àwọn ará Ìlà Oòrùn dìbò tiwọn ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹta.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọn kò ṣe. Ipò mínísítà, wọ́n pín in kárí, wọ́n sì dá tuntun kún un kí ó lè tó. Ìwé òfin tí wọ́n ní àwọn yóò yẹ̀ wò, a kò rí i títí ìjọba náà fi lọ. Wọ́n wẹ ojú egbò, wọn kò fọ inú rẹ̀. Ìwọ̀ Oòrùn sì ni egbò yẹn wà. Nígbà tí wọ́n dìbò sí ilé aṣòfin ibẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, 1965, wọ́n kéde Akíntọ́lá, Adégbénró náà ní òun ni òun wọlé. Orí méjì lẹ́ẹ̀kan sí i! Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí adájọ́ tí ó ráyè dé àárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn wẹ́tìẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí yín, ẹ mọ ìyókù: epo bẹntiróòlù, ìṣáná, ilé tí ń jó, ènìyàn tí ń jó. Ní ọjọ́ 11 àti 12, oṣù Kìn-ín-ní, 1966, àwọn olórí ìjọba Kọ́mọ́ńwẹ́lì ń ṣèpàdé ní Èkó lórí ọ̀ràn Rhodesia, Balewa sì ni olùgbàlejò wọn, nígbà tí iná ń jó ní ọ̀nà tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni àwọn sójà dé. Balewa kú, Sàdáúnà kú, Akíntọ́lá kú, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn. Láti ibẹ̀ dé ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje, 1967, kò ju ọdún kan àbọ̀ lọ.

Èyí ni mo fi máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá gbọ́ pé àìgbọ́ra-ẹni-yé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ni ó ń pa orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe òun nìkan. Ní Belgium, lẹ́yìn ìbò ọdún 2010, ọjọ́ 541 ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú fi jiyàn kí wọ́n tó fìdí ìjọba múlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Kejìlá 2018 di oṣù Kìn-ín-ní 2019, ọjọ́ 35 ni wọ́n fi ti apá kan iṣẹ́ ìjọba pa nítorí pé Ààrẹ àti àwọn aṣòfin kò gbọ́ ara wọn yé lórí ìnáwó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe iṣẹ́ láìgba owó. Wàhálà ni, ìyà sì jẹ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní Brussels, ní Washington, kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá sójà pé kó wá sọ ẹni tí ó jàre. Tiwa jẹ́ ọjọ́ márùn-ún péré, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ilé dé ilẹ̀.

Àwọn tí wọ́n kọ ìwé òfin ọdún 1979 rántí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gé orí kan kúrò: Ààrẹ kan ṣoṣo, tí gbogbo ìlú dìbò yàn, tí ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìwé òfin 1999 tí a ń lò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gé orí kan, ṣé a gé ìwà náà? Ní Kaduna, Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ PRP wọlé ìbò Gómìnà ní 1979, NPN sì ni ó pọ̀ ní ilé aṣòfin ibẹ̀. Wọn kò gba orúkọ àwọn kọmíṣọ́nnà tí ó mú wá, òun náà kò gbà láti tẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹfà, 1981, wọ́n yọ ọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni àdéhùn NPN àti NPP tú ká ní Èkó. Nígbà tí ọdún 1983 ń parí lọ, a tún gbọ́ orin sójà lórí rédíò láàárọ̀.

Síbẹ̀ ohun kan wà ní 1981 tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin bí a ó ṣe máa pín owó láàárín ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Bendel, tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso, ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe òfin náà kò bá ìwé òfin mu. Wọn kò da àga, wọn kò wá epo bẹntiróòlù. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì jàre. Òfin náà wọ́gi. Àwọn aṣòfin tún padà sídìí iṣẹ́, wọ́n tún un ṣe. Ìjà owó ni o, owó tí ó pọ̀ gan-an, láàárín àwọn ẹgbẹ́ tí wọn kò fẹ́ rí ara wọn sójú, ẹnikẹ́ni kò sì kú nítorí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi kì í fòyà púpọ̀ nígbà tí mo bá gbọ́ pé àwọn òṣèlú ń jà. Ìjà ni iṣẹ́ wọn, àgbò méjì kì í kúkú mu omi nínú koto kan. Ohun tí mo máa ń fi etí sí ni ibi tí wọ́n ń gbé ìjà náà lọ. Bí ó bá jẹ́ ilé aṣòfin ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ di òru. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ ni, ẹ jẹ́ kí lọ́yà jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí òṣèlú kan, ti ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, àní kó jẹ́ ti ẹgbẹ́ tiyín, bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹni tí ó gbé ìbọn léèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni ó wà, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní 1965, àwa ni a la ògiri wa sílẹ̀, a sì tún fi ọwọ́ júwe ibẹ̀ fún alángbá.